Àpò Tí N Kò Gún: Sí Mọ́rẹ́niké Tó Ń Ṣiṣẹ́ ní Gánà

Rumuokwurushi,
Port Harcourt.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Mọ́rẹ́niké ọmọ mi, Àdùkẹ́ èmi nìkan,

Mo mọ̀ pé bí o bá rí bí ìwé yìí ṣe nípọn tó, ohun àkọ́kọ́ tí wàá sọ ni pé, "Mummy don start." Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti bẹ̀rẹ̀. Wá ibì kan jókòó sí. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé Yorùbá kíkà máa ń mú ọ láàgùn. Ẹ̀bi èmi àti bàbá rẹ ni, àwa tí a jẹ́ kí Pidgin àdúgbò tọ́ ọ dàgbà nítorí pé ó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ibi tó bá ti ṣòro, kà á sókè, etí rẹ á gbọ́ ohun tí ojú rẹ kò rí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú ọ gúnlẹ̀ sí Accra láìséwu. Nígbà tí o pè ní Ọjọ́bọ̀, o ní wọ́n ti fún ọ ní tábìlì rẹ ní ẹ̀ka káràkátà ní ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba wa, ọ̀gá rẹ sì ti gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ lé ọ lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ jí àdéhùn àtijọ́ kan dìde láàárín àwa àti Gánà, lórí ẹrù oko tó ń ti Port Harcourt lọ sí Tẹ́mà. Wọ́n ní kí o ka fáìlì àtijọ́, kí o kọ ojú ìwé méjì lórí ohun tó bà á jẹ́, kí ẹ tó jókòó pẹ̀lú àwọn ará Gánà ní òpin oṣù. O ń rẹ́rìn-ín. O ní, "Mummy, them say na Tema people spoil am. One paper dey inside the file wey prove am." Mo ní nǹkan ń jó lórí iná, mo sì pa fóònù. Kò sí nǹkan kan lórí iná.

Mọ́rẹ́, èmi ni mo kọ ìwé yẹn. Irọ́ ni.

Bí o bá ka fáìlì náà dé ìsàlẹ̀, wàá rí orúkọ bàbá rẹ tí èmi àti ìwọ jọ ń jẹ́, wàá sì rí ìfọwọ́sí mi. Bí mi ò bá sọ̀rọ̀ báyìí, wàá gbé irọ́ mi lọ síwájú àwọn ènìyàn yẹn pẹ̀lú ẹnu rẹ tí kò mọ nǹkan kan, wàá sì máa jà fún un bí o ṣe máa ń jà fún mi. Bàbá rẹ ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé ohun tó ti kú kò yẹ kí a máa hú u. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi gbìyànjú láti gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Kò ṣeé ṣe. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n sì máa já ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ fún ọ bí mo ṣe ń lọ.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, tí àwọn ṣọ́jà kó ẹrù wọn padà sí bárékè, ara gbogbo wa yá. Gánà ń dìbò tiwọn, àwa náà ń di tiwa, àwọn aṣojú ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní wáàfù nígbà náà. Iṣẹ́ mi ni láti yẹ ẹrù oko wò kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀ òkun. O rántí irin gígùn tí mo máa ń fi pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí mo ní o kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn? Irin ayẹ̀wò nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ mú, inú rẹ̀ sì ṣófo. Bí a bá gún un wọ ikùn àpò, á bu díẹ̀ wá nínú ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nítorí pé ohun tó wà lẹ́nu àpò kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbà gbọ́. Kò sí òǹtajà tí kì í to èyí tó dára sókè.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yẹ gbogbo ẹrù wò. Àwa á yẹ edé wò níbí, a ó lu òǹtẹ̀. Bó bá dé Tẹ́mà, wọ́n á tún tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òrí àti kòkó lílọ̀ tiwọn náà, bí a ṣe ń tú u nìyẹn tó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Kí wọ́n tó parí, edé ti ń rùn, òrí ti yọ́. Ni àwọn àgbà orílẹ̀-èdè méjèèjì bá ní kí a dán nǹkan kan wò. Ohun tí Port Harcourt bá ti lu òǹtẹ̀ lù, Tẹ́mà kò ní tú u mọ́. Ohun tí Tẹ́mà bá lu òǹtẹ̀ lù, àwa náà kò ní tú u. Kọ̀ńténà mẹ́ta ni wọ́n ní kí a fi dán an wò láti ọ̀dọ̀ wa. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá lọ dáadáa, wọ́n á sọ ọ́ di àdéhùn gidi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣe wò ó nìyẹn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Èmi ni wọ́n yàn níbí. Ní Tẹ́mà, Ọ̀gbẹ́ni Kojo ni wọ́n yàn. Ó wá wo bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ilé wa ló sì ti ń jẹun alẹ́. O wà ní pírámárì nígbà náà. O máa ń pè é ní Uncle Please, nítorí pé kò sí ohun tó fẹ́ sọ tí kì í fi "please" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ tó ń lọ, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Please Madam, I don see how you dey work. If anybody ask me for Tema, I go stand for you." Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ó ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, tó sì ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan edé ní Rumuokwurushi ló ni ẹrù tó pọ̀ jù nínú kọ̀ńténà méjì àkọ́kọ́. Mama Amadi ni olórí wọn. O mọ̀ wọ́n, àwọn ló máa ń fún ọ ní ẹja yíyan tí o bá bá mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Kọ̀ńténà méjèèjì dé Tẹ́mà láìsí àríwísí kankan. Àwọn obìnrin náà fẹ ilé ìyanja wọn, wọ́n gba ọmọge méjì sí i síṣẹ́, inú mi sì ń dùn bí ẹni pé èmi ni mo bí Gánà.

Ẹ̀kẹta ló kù. Ìgbà òjò ni.

Bàbá Alága ni olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Port Harcourt. O kò lè rántí wọn dáadáa. Nígbà tí ìjọba gbé mi wá síbí, tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni, ilé wọn ni mo gbé fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí bàbá mi kò lè rìn wá síbi ìgbéyàwó mi, àwọn ni wọ́n fà mí lé ọkọ lọ́wọ́. Àwọn náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ. Wọ́n gbọ́ pé edé ń lọ sí Gánà, wọ́n ra edé jọ lọ́dọ̀ àwọn ará etí omi, wọ́n sì fẹ́ kí tiwọn bá kọ̀ńténà kẹta lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti gún gbogbo àpò Mama Amadi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ gbẹ, ó ń dún ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ṣì mú irin dání nígbà tí Bàbá Alága wọlé pẹ̀lú fìlà àti ọ̀pá wọn. Mo gbé irin sílẹ̀ kí n lè kúnlẹ̀ dáadáa. Wọ́n kì mí ní oríkì ilé wa, wọ́n béèrè rẹ, wọ́n gbàdúrà pé ọmọ kò ní jẹ mí níyà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ẹrù mi nìyí o, Ìyá Mọ́rẹ́."

Mo dìde. Irin wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ọmọ mi, mi ò lè gbé e. Lójú mi, kí n gún àpò wọn lójú wọn dà bí ìgbà tí mo bá ń tú àpò agbádá tó wà lọ́rùn wọn. Wọn kò ní kí n má gún un. Wọn kò bẹ̀ mí, wọn kò sì fún mi ní kọ́bọ̀. Ojú ló tì mí. Mo fi ọwọ́ kan ẹnu àpò méjì lókè, mo mi orí, mo lu òǹtẹ̀ sí gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, èkíní nìyí. Máa kí àgbà. Kúnlẹ̀ fún wọn bí mo ṣe kọ́ ọ, má jẹ́ kí Accra gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá dìde, gbé irin rẹ. Bí o bá rí i pé ojú fẹ́ tì ọ́, sọ fún wọn ṣáájú, nílé wọn, kí ọjọ́ iṣẹ́ tó dé: "Bàbá, ẹ má bínú, lọ́la mo máa yẹ ti yín wò bíi ti gbogbo ènìyàn." Àgbà gidi á gbà. Igi gànganràn má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èmi dúró títí igi fi dé iwájú ojú mi.

Ohun tó tún dùn mí jù ni pé wọ́n ti rẹ́ Bàbá Alága jẹ. Àwọn tó ta edé náà fún wọn ti ki tútù sí ìsàlẹ̀, gbígbẹ sókè, Bàbá kò sì mọ̀. Ká ní mo gún un, wọn ì bá mọ̀ lójú ẹsẹ̀, wọn ì bá kó o padà fún ẹni tó tà á. Mo pè é ní ọ̀wọ̀, bẹ́ẹ̀ mo fi wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ olè.

Kọ̀ńténà kẹta dé Tẹ́mà. Nítorí àdéhùn, ẹnikẹ́ni kò tú u. Inú ọjà ni wọ́n ti já a, lójú àwọn oníbàárà. Edé Bàbá Alága ti bu funfun, ìdin sì ti wà nínú rẹ̀, ó ti ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba Gánà. Ìwé pẹ̀lẹ́ ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé a kò ní mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú rẹ̀, kí a jọ̀wọ́ bá àwọn wo ibi tí nǹkan ti yẹ̀, kí a lè jọ tún un ṣe. Ọ̀gá mi gbé ìwé náà wá sórí tábìlì mi, ó ní kí n dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mọ́rẹ́, ilẹ̀kùn ìrònúpìwàdà ṣí gbayawu sílẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́ yẹn. Ìlà mẹ́ta péré ni ì bá gbà mí: "Mo gún àwọn yòókù, mi ò gún ogún àpò báyìí. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má bínú." Ó lè jẹ́ kí wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Dípò bẹ́ẹ̀, mo kọ ọ́ pé gbígbẹ ni gbogbo ẹrù náà kúrò lọ́wọ́ mi, pé bí omi bá kàn án, ilé ẹrù tiwọn ni kí wọ́n lọ wò. Mo tilẹ̀ fi kún un pé irú ìwé báyìí kò bu ọlá fún orílẹ̀-èdè wa. Ọ̀gá mi kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo gbèjà Nàìjíríà. Wọ́n fún mi ní lẹ́tà ìyìn. Òun ni bàbá rẹ fi sínú fíréèmù ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò rẹ. Mo yọ ọ́ kúrò lára ògiri ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tí o pè. Bàbá rẹ kàn wo ojú ògiri náà.

Èkejì: bí ìwé pẹ̀lẹ́ bá wá láti ọ̀dọ̀ wọn, má pe pẹ̀lẹ́ ní ojo. Àwa ọmọ Nàìjíríà, ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo la máa ń rò pé ó jàre. Àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi "ẹ jọ̀wọ́" bá ọ sọ̀rọ̀ ń fún ọ láyè láti jẹ́wọ́ láìtẹ́ ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ti ìjọba sì máa ń fọ́ sí ara àwọn tí kò mọ̀ sí i.

Lẹ́yìn ìwé mi, ìwé tiwọn náà le. Tiwa tún le sí i. Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n ti pa àdánwò náà tì, kálukú padà sí kí a máa tú ẹrù ara wa lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ó wà títí di òní nìyẹn.

Kí ó tó di pé wọ́n pa á tì, Ọ̀gbẹ́ni Kojo pè mí lórí fóònù ọ́fíìsì. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ní, "Please Madam, I no vex. Just tell me one thing. The bags wey spoil, you put iron inside?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Okay. I believe you."

Ó sì gbà mí gbọ́ lóòótọ́. Ó lọ síwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó ní òun mọ obìnrin yìí, pé ẹ̀bi náà ní láti wà ní ilé ẹrù tiwọn. Wọ́n yẹ ilé ẹrù wò, wọn kò rí ẹ̀bi kankan. Wọ́n ní ó ń gbè lẹ́yìn àjèjì, wọ́n sì gbé e kúrò ní èbúté lọ sí ọ́fíìsì kan ní ìgbèríko. Ọmọ Nàìjíríà kan tó ń bá wọn ṣòwò ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ọdún kan. Mo wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà Choba nígbà tó sọ ọ́. Mo bọ́ sílẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, mo fẹsẹ̀ rìn ín. Mo ti sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí ju bí mo ṣe sunkún nígbà tí ìyá mi kú lọ, mi ò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta, bó bá jẹ́ ẹ̀kẹta: ohun tí wọ́n ń pè ní ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè méjì, ènìyàn méjì ni. Kò sí Gánà kan tó dúró síbì kan tó ń wo ọ. Obìnrin kan tó jókòó sí òdìkejì tábìlì ni, tó ní ọmọ nílé, tó ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun mọ̀ ọ́. Bí o bá já a jù sílẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ ṣubú, kì í ṣe àsíá wọn. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni. Bí wọ́n bá fún ọ ní kẹ́ńkẹ́, jẹ ẹ́, má máa fi wé ẹ̀kọ ìyá ẹnikẹ́ni. Má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn o ti mọ̀, mo nà ọ́ tó lórí rẹ̀.

Mama Amadi wá bá mi nílé ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dáná sun gbogbo edé inú kọ̀ńténà náà ní Tẹ́mà, títí kan tiwọn. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Aunty, my own dry. You put iron inside every bag, I dey there. Abeg, write am for them, make them know say no be all of us." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́ pé tiwọn gbẹ, wọ́n á bi mí pé ti ta ni kò gbẹ. Mo ní fún wọn pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ọwọ́ mi, ó ti di ọ̀rọ̀ ìjọba àti ìjọba. Wọ́n dìde, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo fún wọn lómi mu. Ẹgbẹ́ náà tú ká kí ọdún tó parí. Àwọn ọmọge méjèèjì tí wọ́n gbà síṣẹ́ padà sílé.

Mi ò fẹ́ ka iye mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú níbí ni pé nígbà tí mo kọ ìwé yẹn, mo ní Nàìjíríà ni mò ń gbèjà. Ṣé Mama Amadi kì í ṣe Nàìjíríà ni? Bàbá Alága nìkan ni mo gbèjà, àti ojú ara mi. Ní Port Harcourt níbí, tí a ti jẹ́ àlejò, a fẹ́ràn láti máa béèrè pé "Ṣé ọmọ wa ni?" Ó ń mú ara tù wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fi òǹtẹ̀ orílẹ̀-èdè lé lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó bá to sórí ìlà níwájú rẹ, ọmọ wa ni. Wọ́n á pè ọ́, Mọ́rẹ́. Wọ́n á ní àwọn mọ̀ mí, àwọn mọ bàbá rẹ, ṣé o lè bá àwọn fi ojú fo nǹkan kékeré kan. Kí wọn dáadáa. Béèrè àlàáfíà ilé wọn. Má fo nǹkan kan.

Nǹkan mìíràn wà tí mo fẹ́ tọrọ àforíjì rẹ lé lórí. Nígbà tí o wà ní yunifásítì ní Choba, tí o ń gbé ní Aluu, o pè mí pé o ti jó ìkòkò ọ̀rẹ́ rẹ, pé o sì ti sọ fún un kó tó ti kíláàsì dé. Mo bá ọ wí. Mo ní kí ló dé tí o fi yára, ṣé o kò lè dúró kó béèrè ná? O wá ní, "But Mummy, na me burn am." Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ìwọ ta tìrẹ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò rà á. Ohun tí o mọ̀ ní Aluu yẹn, má jẹ́ kí iṣẹ́ ìjọba kọ́ ọ bí a ṣe ń gbàgbé rẹ̀. Bí o bá ṣàṣìṣe, sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bó bá sùn nílẹ̀ di ọjọ́ kejì, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ.

Báyìí, ohun tí mo ń fẹ́. Ìwé kejì wà nínú àpòòwé yìí, ojú ìwé kan péré. Mo kọ ohun tí mo ṣe síbẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i níwájú agbẹjọ́rò. Gbé e fún ọ̀gá rẹ kí o tó kọ ìlà kan nínú iṣẹ́ rẹ. Sọ fún un pé ìyá rẹ ni mí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ, kí wọ́n ní ọmọ ẹni tó ba àdéhùn jẹ́ kò lè jókòó nídìí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan máa wò ọ́ lọ́nà mìíràn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ṣe é fún ọ, má wá ẹlòmíràn tí o máa bínú sí. Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ lè sọ pé kí o dáàbò bò mí, kí o fi ìwé náà sí ìsàlẹ̀ àpótí. Nítorí náà ni mo ṣe fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Abuja ní àná, kí ó má bàa jẹ́ pé ìwọ ni wàá yàn láàárín ìyá rẹ àti iṣẹ́ rẹ. Mo ti yàn án fún ọ.

Má wá Ọ̀gbẹ́ni Kojo kiri fún mi. Èmi ni mo parọ́ fún un, èmi ni yóò wá a. Mo ti ń ṣe ìwé ìrìnnà mi. Bí mo bá dé Accra, fún mi ní ibi tí n ó sùn, èyí tó kù, ọwọ́ mi ló wà.

Lánàá, lẹ́yìn tí mo ti fi ìwé ránṣẹ́, mo lọ sí ilé Mama Amadi. Wọ́n ti darúgbó, ojú wọn kan ti fọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohùn mi. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin. Wọ́n ní, "I know."

Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀.

Wọ́n ní, "I stand for your back that day na. I see as you kneel down greet the Papa. I see as you stand up, you no carry the iron again."

Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ nígbà náà, kí ló dé tí wọ́n wá bẹ̀ mí nílé, tí wọ́n sì dúpẹ́ omi lọ́wọ́ mi.

Wọ́n yí ojú tó kù sí mi. Wọ́n ní, "Who for believe me? Na you get stamp."

Mọ́rẹ́niké, ìwọ ló ni òǹtẹ̀ báyìí. Ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ tó ń wo ọwọ́ rẹ, tí kò sì sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí ojú ń tì.